Pásítọ̀ Joseph Ṣàdáre àti Àjàkálẹ̀ Àrùn Ọdún 1918

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé àjọ̀dún ní kí àwa akọ̀wé ìjọ kọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn bàbá aládùúrà ayé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, orúkọ tí wọ́n dá pọ̀. Àwọn kan ní Mósè Orímọládé, àwọn kan ní Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹni ńlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, àwọn wọ̀nyẹn kò ṣàìní òpìtàn. Àwa mú Pásítọ̀ Joseph Ṣàdáre ti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Esinsinade. Ìdí tí a fi mú un ni pé láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ bá ara wọn jiyàn nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Ìsọlọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dá orúkọ náà kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe gan-an.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Ṣàdáre. Kì í ṣe àlùfáà, kò sì sí ẹni tó fi òróró yàn án nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń jẹun, òrùka àti yẹtí ló ń rọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ìjẹ̀bú kò tètè gba ìgbàgbọ́. Títí di ọdún 1892 tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó fi ìbọn ṣẹ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n, àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ́ kí míṣọ́nnárì rí ẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà ṣí, wọ́n wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé bí omi òjò. Ṣàdáre wà lára àwọn tó rí ọ̀wọ̀ gbà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ń lọ, ó jẹ́ àgbà ìjọ níbẹ̀, ó tún wà nínú Sínọ́ọ̀dù, ìyẹn àpéjọ ńlá tí àwọn àlùfáà àti àwọn aṣojú ìjọ ń ṣe lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mọ ipò tí Sínọ́ọ̀dù wà lójú àwọn ará ìgbà náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn kékeré.

Ọdún 1918 wá dé. Ọdún burúkú ni fún ilẹ̀ Yorùbá. Ogun àgbáyé kìíní kò tíì parí, ọ̀wọ́n ọjà wà, ní Ẹ̀gbá ogun Adùbí ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún nítorí owó orí. Orí gbogbo èyí ni àrùn influenza wá já lé. Ní oṣù August ọdún náà ó ti dé Freetown ní Sàró láti inú ọkọ̀ ogun òyìnbó kan. Láti ibẹ̀ ó ń tẹ̀lé ọkọ̀ ojú omi láti èbúté dé èbúté. Ní ọjọ́ 14 oṣù September, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, àwọn aláìsàn sì wà nínú rẹ̀. Kí ìjọba tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, àrùn ti bọ́ sí ìgboro.

Wolé-wolé ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń wá aláìsàn, wọ́n ń fín ilé. Wọ́n ti ilé ìwé pa, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn pé wọn yóò kó wọn lọ sí ibi tí a ti ń sé aláìsàn mọ́, ni ọ̀pọ̀ bá sá. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan wọ rẹlùwéè. Rẹlùwéè náà ni a fẹ́ kí ẹ fiyè sí, nítorí Òṣòdì tiwa yìí ni ó ń gbà kọjá lọ sí Agége, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, títí lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ẹni tó sá fún àrùn ní Ìdó gbé àrùn náà sọ̀kalẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù díẹ̀, àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tó kú ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 tó wà nígbà náà. Ní gbogbo ayé, wọ́n ní ó lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù tàbí sún mọ́ ọn.

Ohun tó jẹ́ kí àrùn ọ̀hún lẹ́rù ni pé kò dúró lórí ọmọdé àti arúgbó. Àwọn géńdé, àwọn ìyàwó ilé, àwọn tó wà láàárín ogún ọdún sí ogójì, wọ́n ń ṣubú. Ẹni tó jí ní ara líle láàárọ̀, ibà á mú un lọ́sàn-án, ikọ́ á dé, ẹ̀dọ̀fóró á kún, kí ọ̀sẹ̀ tó pé wọ́n á ti gbẹ́ ilẹ̀. Nílé tí gbogbo ènìyàn ti dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pọn omi, kò sí ẹni tí yóò dá iná. Àwọn kan pè é ní lùkúlùkú, orúkọ àrùn tí ń pa adìẹ ní àpalà. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ bí lùkúlùkú ṣe máa ń ṣe: o kò ní ka òkú adìẹ tán kí òmíràn tó sorí kọ́.

Ìjẹ̀bú-Òde kò ní rẹlùwéè, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò rẹ̀ kì í jókòó. Wọ́n ń gba ọ̀sà lọ sí Èkó, wọ́n ń gba Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ padà. Àrùn náà rí ọ̀nà gbà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa àwọn dókítà ìgbà náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn wa ti ń yí ẹsẹ̀. Wọn kò ní oògùn fún un. Kì í ṣe pé wọ́n fi í pamọ́. Wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń fa àrùn náà; kòkòrò mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fura sí. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì náà mú lára ènìyàn. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sí pẹnisílíìnì fún ẹ̀dọ̀fóró tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ibà àti oògùn orí fífọ́ ni wọ́n ń pín. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ gbàdúrà, kí ó rántí pé ilé ìwòsàn ìgbà náà kò ní ohun tó lè pa àrùn yìí.

Ní St. Saviour's, bàbá arúgbó kan wà tí ń tọ́jú ilé ìjọsìn, wọ́n ń pè é ní Dádì Álì. Ó lá àlá. Ó rí ṣọ́ọ̀ṣì tó pín sí méjì, apá kan tóbi ó sì ṣókùnkùn, apá kejì kéré ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀. Ìtumọ̀ tó rí gbà ni pé apá kékeré tó mọ́lẹ̀ ni àwọn tí ń gbàdúrà. Ó gbé àlá náà lọ bá àwọn àgbà ìjọ, Ṣàdáre ni ó gbé e dé àyà. Inú wa máa ń dùn sí ibí yìí nínú ìtàn náà, pé ẹni tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́ tí ọmọ Sínọ́ọ̀dù sì jókòó tẹ́tí sí i. Nínú ìjọ mélòó ni èyí lè ṣẹlẹ̀ lónìí? Wọ́n á ní kí bàbá náà kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìran.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ àdúrà kékeré sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan, olùkọ́ ilé ìwé, Sophia Odùnlámì, darapọ̀ mọ́ wọn. Influenza ti mú òun alára dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, inú àìsàn náà ni ó ti gbọ́ ohùn. Ìròyìn rẹ̀ ni pé Ọlọ́run yóò rán àlàáfíà, pé kí àwọn ènìyàn gbàgbọ́, kí wọ́n lo omi òjò, wọn yóò sì rí ìwòsàn. Ní àkókò yẹn, ìparí òjò ọdún ni. Ní November ogun òyìnbó náà sì parí lóòótọ́. Ẹgbẹ́ Ṣàdáre gba ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà gbọ́. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu omi òjò, àwọn ènìyàn ń wá bá wọn nítorí pé àwọn ni wọn kò ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ tiwa nípa omi òjò yìí. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìjọ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, a bi í léèrè. Ó ní omi kì í pa fáírọ́ọ̀sì influenza nínú ara, ì báà jẹ́ ti òjò ì báà jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tí ibà gbóná mú, omi ń tán lára rẹ̀ kíákíá, bí kò bá rí omi mu, ọ̀ràn á di méjì. Ní ìlú tí kò sí ẹni tó lè lọ sódò, omi mímọ́ tó ń bọ́ láti orí òrùlé, ẹni tó gbà á, tó gbé e fún aláìsàn lẹ́nu, tó jókòó tì í, tó gbàdúrà fún un, kò ṣe ohun kékeré. Bí ìgbàgbọ́ ṣe bá a ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìyẹn wà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a yọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí kúrò. A kò yọ ọ́.

Àrùn náà lọ, ẹgbẹ́ náà kò túká. Wọ́n wá ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ fún àkókò wàhálà di ọ̀nà ìgbésí ayé: àdúrà nìkan fún ìwòsàn, wọn kò lo oògùn òyìnbó, wọn kò lo àgbo. Ní Èkó, David Odùbánjọ ti rí ìwé ìròyìn ìjọ kan gbà láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Faith Tabernacle, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti àwọn ará Ìjẹ̀bú mu lórí ìwòsàn. Láti inú ìwé ìròyìn àti lẹ́tà ni wọ́n fi di ọ̀kan. Àwọn ará Philadelphia kò fi ẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rárá. Ohun tí àwa akọ̀wé lè fi yangàn nìyẹn, pé ìwé ni ó so ìjọ náà pọ̀!

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ló dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú Áńgílíkà. Ẹgbẹ́ náà ní ẹni tó bá gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ni kí a rì bọmi. Ọ̀rọ̀ oògùn náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àlá àti ìran náà sì wà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones ti Èkó dá sí i, kò ṣeé parí, nígbà tó sì di ọdún 1922 wọ́n yapa. Ẹ má ṣe rò pé ìyapa yẹn rọrùn bí a ṣe ń yapa nísinsìnyí tí ẹnì kan á há lọ gba yàrá kan ní Òkòtà, á gbé pátákó kọ́. Ṣàdáre kúrò nínú Sínọ́ọ̀dù. Ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ìwé ìjọ. Sophia pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ó sì ní láti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó sọ ohun tó gbọ́ lórí ibùsùn àìsàn. Nínú gbogbo àwọn ìwé àjọ̀dún tí a ti kà, orúkọ àwọn bàbá ni wọ́n ń kọ gàdàgbà, tirẹ̀ á wà ní ìlà kan ṣoṣo.

Ṣàdáre tẹ̀síwájú gẹ́gẹ́ bíi pásítọ̀ àti aṣáájú. Isaac Akínyẹlé ní Ìbàdàn, ẹni tó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, wà nínú iṣẹ́ náà. Ní July 1930, nígbà tí àwọn aṣáájú pàdé ní Iléṣà, Ṣàdáre wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìsọjí Òkè-Oòyè ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Babalọlá, tí ilẹ̀ Yorùbá sì mì tìtì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn míṣọ́nnárì Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ oògùn tún gbé orí. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo quinine kí ibà má baà pa wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ní àgàbàgebè ni èyí. Ibẹ̀ ni wọ́n tún ti pín, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà sì di Christ Apostolic Church ní ọdún 1943. Ṣàdáre gbé ayé títí di ọdún 1962. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó gbọ́ àlá agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn fi wọ inú aládùúrà.

Ìtàn náà nìyẹn. Ìjà tiwa wá ńkọ́?

Ní March 2020, nígbà tí kòrónà ti dé Èkó, tí ìjọba ní kí a ti ilé ìjọsìn, ìpàdé àwọn àgbà ìjọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Kòrónà kì í ṣe influenza, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ẹnu àti imú ni àwọn méjèèjì ń gbà rìn. Àwọn kan ní Esinsinade kò ti ilẹ̀kùn, kí ni àwa ń bẹ̀rù? Àwọn kan ní kí a tẹ̀lé òfin. Àwa ni a ń kọ ìwé ìpàdé lọ́jọ́ náà, ìwé náà wà lọ́wọ́ wa, ojú ewé 11. A ti í ní ìkẹyìn, títí di August. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ṣe ìṣọ́ òru ní pálọ̀ ara wọn, fèrèsé ní títì. Títí di òní, bí a bá dá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀, orúkọ Ṣàdáre ni ẹnì kan á kọ́kọ́ dá.

Ohun tí a rí nínú ìtàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà dúró níbi tí ìmọ̀ ti tán. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ó kọ̀ ní 1918, nítorí kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà nípa oògùn, tó kọ̀ ọ́ pátápátá, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, ó sì san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò fi san ti ẹlòmíràn. Àwa kò lè bá a jiyàn, kò sí níbí mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ikọ́ influenza, ẹni tó wúkọ́ kọ́ ni ó máa ń san owó.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní December 2017, ọ̀sẹ̀ ìkórè, ọ̀fìnkìn mú wa, ara gbóná, eegun ń ro. Ìyàwó wa ní kí a jókòó sílé. A ní ta ni yóò ka ìròyìn owó? A wọ danfó láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó sí àga iwájú láàárín àwọn àgbà, a ń sín sínú áńkáṣífù kan tí a sì fi ọwọ́ kan náà bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn akọrin mẹ́fà ti dùbúlẹ̀. Ìyá ìjọ kan, àgbà obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jọ́ náà, ikọ́ mú un, ó di ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A sin ín ní January. Kò sí dókítà tó sọ pé àwa ni, àwọn ọmọ ìyá náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwa ni a mọ ibi tí a jókòó.

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bi nọ́ọ̀sì wa ní ìbéèrè. Ohun tó sọ fún wa, a kọ ọ́ síbí bí a ṣe gbọ́ ọ. Influenza kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Ọ̀fìnkìn máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ láti imú. Influenza máa ń já luni lójijì, ibà, orí fífọ́, ara ríro, ikọ́ gbígbẹ, kí ó rẹni dé egungun. Fáírọ́ọ̀sì ni, nítorí náà àwọn kápúsù aláwọ̀ méjì tí a ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì láì rí dókítà kò lè ṣe nǹkan fún un. Láti ọjọ́ tí ó wọ ara, ó lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́rin kí ó tó fara hàn, ẹni tó gbé e sì ti lè máa kó o ran ẹlòmíràn ní ọjọ́ kan ṣáájú kí òun alára tó mọ̀, títí di bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ó dùn wá jù, nítorí a máa ń rò pé ẹni tó bá lè dìde lè wá sí ìsìn.

Inú omi kékeré tí kò ṣeé fojú rí láti ẹnu àti imú ni ó ń rìn, bí a bá wúkọ́, bí a bá sín, àní bí a bá ń kọrin tàbí ń pariwo àdúrà. Ó tún máa ń wà lọ́wọ́. Ẹ wo ilé ìjọsìn wa. Àwọn aládùúgbò ń fẹjọ́ ariwo wa sùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ti àwọn ilé ìjọsìn kan pa ní Èkó nítorí ariwo, nítorí náà a ń ti fèrèsé ní òru ìṣọ́. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé ní títì, orin láti agogo mẹ́wàá alẹ́ di agogo mẹ́rin ìdájí. Ní ilẹ̀ wa níbí tí ọ̀pọ̀ ń gbé fésì-mí-n-fésì-yú, yàrá mẹ́wàá, balùwẹ̀ kan, ẹni tó bá gbé e láti ìṣọ́ òru dé ilé, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó gbé e dé. Kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni a tún fi ń pín omi àdúrà.

Àwọn tó yẹ kí a máa bojú tó jù ni aboyún, ọmọ ọwọ́, àwọn arúgbó, àwọn tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí ikọ́ fée ń mú. Bí mímí bá ti di iṣẹ́, bí ètè tàbí ojú bá ń dúdú, bí ọmọ kò bá lè mu ọmú, kò sí ohun tí a ń dúró dè, ilé ìwòsàn ni. Àdúrà lè máa tẹ̀lé ọkọ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára influenza ti wà láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe nítorí fáírọ́ọ̀sì náà ń pààrọ̀ aṣọ. Ní Èkó kò wọ́pọ̀ bíi ti òkè òkun, owó ni a sì máa ń san, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè rí i kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Àwọn tí ń sin adìẹ kí wọ́n tún ṣọ́ra. Ní ọdún 2006 influenza ti ẹyẹ wọ Nàìjíríà, láti oko adìẹ kan ní Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ó sì pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó ní January 2007. Àwọn àgbà tó pe ti 1918 ní lùkúlùkú kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí fún àjọ̀dún yìí, lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta, nìyí. Ẹni tí ibà àti ikọ́ bá mú kí ó dúró sílé, kí ó fi fóònù sọ fún wa, àwọn ẹgbẹ́ àdúrà yóò lọ gbàdúrà fún un láti ẹnu ọ̀nà, wọn yóò gbé omi àti oúnjẹ dání. Kò sí ẹni tí a óò kà sí aláìnígbàgbọ́ nítorí pé kò wá. Omi àdúrà, kí oníkálukú mú kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wúkọ́ kí ó wú u sí ìgúnpá, kí ó má ṣe fi ọwọ́ bò ó. Ike omi àti ọṣẹ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe gbé ọṣẹ lọ bí ẹ ti ṣe lọ́dún tó kọjá. Gbígbé ọwọ́ lé orí yóò wà, ṣùgbọ́n àwọn wòlíì yóò fọ ọwọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín.

Àwọn kan ṣì ń kùn. Bàbá kan sọ fún wa ní ẹnu ọ̀nà pé a ti sọ ìjọ di ọsibítù. A ní kí ó jókòó, a ka ìtàn Ṣàdáre yìí sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Nígbà tí a dé ibi Sophia àti omi òjò, ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. A kò rí èsì fún un. Ó wá béèrè iye tí àwọn ènìyàn ti dá fún fèrèsé.

Nípa fèrèsé: mẹ́fà tí ó wà ní apá òsì, tí a fi pákó kàn pa láti ìgbà ọ̀rọ̀ ariwo, káfíńtà ti gba àbọ̀ owó rẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé yóò ṣí wọn kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé. Ìyókù owó wà lọ́wọ́ akápò. A ó dín ohùn gbohùngbohùn kù kí àwọn aládùúgbò lè sùn.